Àmín Mẹ́tàlélọ́gọ́ta

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ọkọ̀ gbé àwọn tó ń tọ́jú ọkàn aráyé kiri. Dírẹ́bà ni mí fún àwọn òyìnbó aláàánú kan tí ọ́fíìsì wọn wà ní Mamba Point ní Monrovia, lórí òkè, níbi tí òkun ti ń pariwo lábẹ́ wa látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìpàdé lórí àwọn tí ogun dá ọgbẹ́ sí lọ́kàn ni iṣẹ́ ọ̀gá mi obìnrin. Wọ́n á ṣe tàárọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí, a ó gba Tubman Boulevard, wọ́n á tún ṣe tọ̀sán ní Congo Town. Wọ́n á gbé bánà kan kọ́ sára ògiri, àwòrán obìnrin kan tó fọwọ́ lẹ́rán wà lára rẹ̀. Wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á jẹ ìrẹsì àti adìẹ, wọ́n á ya fọ́tò. Àwa dírẹ́bà á wà nínú ọkọ̀ níta. N kò ní purọ́ mọ́ wọn, wọn kì í gbàgbé wa. Bí adìẹ bá ṣẹ́ kù, wọ́n á gbé e jáde fún wa.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Dírẹ́bà mẹ́fà la sábà máa ń wà nínú ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, gbogbo wa jókòó, gbogbo wa tẹjú mọ́ fóònù. Èmi ni inú ń run.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo tẹ̀ lé àwọn sójà Nàìjíríà tó wá pẹ̀tù sí ogun Liberia. Èmi kì í ṣe sójà o, ọkọ̀ tó ń pín omi ni mò ń wà. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi padà sílé, èmi jókòó sí Monrovia. Mo ránṣẹ́ sí ìyàwó mi ní Òṣogbo, ó wá bá mi, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ sí Camp Johnson Road, a sì bí ọmọbìnrin kan. Yorùbá ni ọmọ náà ń bá wa sọ nínú ilé, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Liberia níta, tí inú bá sì bí i, á po méjèèjì pọ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí ìbọn ti dákẹ́. Wọ́n ti tún ọ̀nà ṣe, Ebola ti wá, ó ti lọ, gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ogun ti parí. Ara mi nìkan ni kò sẹ́ni tó sọ fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé nínú ọkọ̀ ara mi, táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan sì bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Gbàù! N kò mọ ìgbà tí mo tẹ bíréèkì. N kò mọ ìgbà tí mo fa ọmọ wálẹ̀ láti orí ìjókòó iwájú tí mo sì dà bò ó. Nígbà tí ojú mi máa wálẹ̀, àwọn ènìyàn ti yí ọkọ̀ ká, onítakisí kan ń kígbe pé, "Ol' man, da tire o! Da just tire!" Ọmọ mi ń sunkún lábẹ́ mi, eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán. Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ogun tó jà kí wọ́n tó bí i kò fọwọ́ kàn án, bàbá tó ń gbà á lọ́wọ́ ogun ló kán an léyín.

Láti ọjọ́ náà, kò wọ ọkọ̀ mi mọ́. Kò bú mi, kò sì bá mi yan odì. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, á ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá mi," á sì bá ìyá rẹ̀ wọ kéhkéh, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó kún ìgboro wa. Èmi náà á wá máa wa ọkọ̀ mi tẹ̀ lé kéhkéh lẹ́yìn, ìjókòó mẹ́rin ṣófo, kí n lè rí i pé wọ́n dé ibẹ̀ láyọ̀. Ẹ wo bàbá ọlọ́kọ̀ tó ń sin ọmọ rẹ̀ lọ sílé-ìwé láti ẹ̀yìn. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí mi bí ẹni pé mo wà nínú ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́ ààrẹ. Ó dùn mí dé egungun.

Ìyàwó mi kò pariwo. Ó gbé àpótí kan wálẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n tí ilé-ìwé bá ti parí, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Òṣogbo. Ẹ̀rù ń bà yín, ẹ̀rù yín sì ń ba ọmọ. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i." Oṣù mẹ́ta ló kù kí ilé-ìwé parí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yípo àpótí náà kí n tó lè dórí bẹ́ẹ̀dì.

Wá nǹkan ṣe sí i. Kí lèèyàn ń ṣe sí i? Mo rò ó títí, mo wá rántí ìjọ wa.

Àwọn ará Nàìjíríà ló dá ìjọ wa sílẹ̀, a sì ní gúrúùpù kan lórí fóònù. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá lè rò pé gbogbo ayé wa ló wà níbẹ̀. Ó tọ́ kí n ṣàlàyé àṣà kan fún yín. Yorùbá kì í jẹ́ kí àdúrà kọjá láìdáhùn, nítorí ire tí wọ́n ń pín lè fo ẹni tó bá dákẹ́. Fóònù wá sọ ọ̀rọ̀ náà di eré ìje. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá ti gùn, tí orúkọ Olúwa sì wà ní ìlà àkọ́kọ́, a kì í kà á dé ìdí. Àmín la ó kọ́kọ́ gbé síbẹ̀. N kò yọ ara mi sílẹ̀: mo ti ṣe Àmín rí sí ohun kan tó jẹ́ ìkéde ìsìnkú ìyá arábìnrin kan, mo tún fi "yóò rí bẹ́ẹ̀ fún èmi náà" kún un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀gá wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìrora àwọn tí kò ní ẹni tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀. Aṣọ́gbà já irin géètì lulẹ̀, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì dúró. Mo ṣí gúrúùpù ìjọ, mo kọ̀wé. Nítorí pé ẹni tó mọ̀wàáhù ni mí, mo kọ́kọ́ kí wọn:

"Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú iṣẹ́ ìgbàlà. Ó ti rẹ̀ mí. Ayé ti sú mi. Ó ń ṣe mí bíi kí n wa ọkọ̀ yìí lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mi mọ́. Bí ẹnì kan bá mọ ohun tí mo lè ṣe, kí ó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀."

Ìṣẹ́jú kan kò pé.

"Àmín!"

"Àmín ní orúkọ ńlá Jésù!"

"Mo gbà á fún èmi àti ìdílé mi!"

"Tèmi náà kò ní pẹ́ dé!"

Díákónì wa fi àwòrán iná ránṣẹ́, ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan ní kí Olúwa ṣe èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọ̀gá mi tó parí ìpàdé, mo ti ka Àmín mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ní ọjọ́ ìsinmi, àgbà ìjọ kan bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àdúrà tí ẹ gbà fún wa lọ́jọ́sí wọ̀ mí lára gan-an." Mo ní, "Ọlá Olúwa ni, sà."

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí kò ṣe Àmín. Opó kan ni, àgbà obìnrin tó ń gbé ní Congo Town. Ó ti bá àwọn sójà wa ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà ogun. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé òun ló máa ń fi òdòdó ránṣẹ́ sí fóònù wa láràárọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: róòsì pupa tí ìrì ń kán lára rẹ̀, tí wọ́n kọ "Ẹ kú ojúmọ́" sí lábẹ́. Bí mo ṣe kórìíra òdòdó yẹn tó, n kò lè sọ. Ó ti tó oṣù kan tí n kò ti ṣí i mọ́.

Ní àárọ̀ náà gan-an, nígbà tí Àmín ṣì ń rọ̀ bí òjò oṣù keje, òdòdó kò wá. Ọ̀rọ̀ ló wá, sí èmi nìkan.

"Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Níbo lo wà?"

"Nínú ọkọ̀, Mà."

"Kí lo rí níwájú rẹ?"

Mo rò pé ọjọ́ ogbó ti dé sí màmá yìí. Mo kọ ọ́ pé mo rí ògiri. Ó ní àwọ̀ wo? Mo ní funfun tó ti dọ̀tí. Ó ní kí ló tún kù? Mo ní aṣọ́gbà tó ti sùn lọ. Mo ní bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfọwọ́ tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà nígbà Ebola, tí kò ní omi mọ́. Mo ní alángbá. Ó ní alángbá mélòó? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka alángbá fún arúgbó, èmi tí mo ní ìdààmú tèmi. Nígbà tí mo ka mẹ́rin, mo rí i pé ọwọ́ mi kò gbọ̀n mọ́. Ó bí mi nínú pé ó ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ló pè mí, ó bi mí láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n bóyá mo ń rò ó láti pa ara mi. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní rárá. Ó ní kí n tún un rò. Mo tún un rò, mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Ó dáa. O ò ní dá wà títí wàá fi mọ̀." Kò fi mọ lẹ́nu lásán. Ní ọjọ́ kejì ó mú mi lọ rí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn ní kílíníìkì, nígbà tí a sì jáde, ó ní àwọn ènìyàn kan wà lórí fóònù tí òun fẹ́ kí n mọ̀.

Mo bi í bó ṣe jẹ́ pé òun nìkan ló ka ìwé mi. Ó wò mí bíi pé mo gọ̀. Ó ní, "Ṣé o rò pé mo fẹ́ràn róòsì ni? Bí mo bá fi í ránṣẹ́, mo máa ń wo ẹni tó ṣí i àti ẹni tí kò ṣí i. Ẹni tó máa ń dáhùn tó wá dákẹ́, mo ń ṣọ́ ọ. Oṣù kan ni mo ti ń ṣọ́ ìwọ náà." Ìwé tí tíṣà fi ń pe orúkọ láti mọ ẹni tó wá ni mo ti ń pè ní òdòdó. Ojú tì mí.

Ènìyàn mọ́kànlá ló wà nínú gúrúùpù tí ó mú mi wọ̀. Wọ́n wà ní Kakata àti Buchanan nínú Liberia níbí, ní Freetown, ní Ìlọrin àti Kàdúná. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, ìyàwó sójà wà níbẹ̀, alásè wọn náà wà níbẹ̀. Mo wọlé pẹ̀lú ìpinnu pé n kò ní gbádùn rẹ̀. Òfin ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. A kò gbọdọ̀ ṣe ìwàásù. A kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ti ẹlòmíì burú jù tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó gbọ́, kí a lè mọ̀ pé ó kà á. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá há sí lọ́fun lè fi àmì ìdánudúró kan ṣoṣo ránṣẹ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á dá a lóhùn. Lékè gbogbo rẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé: KÒ SÍ ÀMÍN NÍBÍ. Mo rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí eyín ọmọ ti kán.

Bàbá kan wà ní Kakata tí n kò tíì rí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu rẹ̀. Àmì ìdánudúró nìkan ló máa ń fi ránṣẹ́. Mo bi màmá olódòdó bóyá fóònù rẹ̀ ló bàjẹ́. Ó ní ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi, kí n tó sọ tèmi. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé sọ ni pé n kò rí ojú wọn. Bí ó bá jẹ́ inú yàrá kan ni, tí ẹnì kan fi ojú àánú wò mí, ǹ bá ti dìde lọ. Inú ọkọ̀ ọ́fíìsì ni mo wà, mo ti tì í pa, mo tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan:

"Obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ sókè sí fèrèsé ọkọ̀ omi mi. Wọ́n ti pàṣẹ fún wa pé a kò gbọdọ̀ gbé ará ìlú. Mo yí gíláàsì sókè, mo lọ. N kò tíì lọ jìnnà tí mo fi gbọ́ ìró ìbọn lẹ́yìn. N kò wẹ̀yìn."

Mo retí pé wọ́n á ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, kí n lè bínú sí wọn. Wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. "Mo gbọ́ pé ó gbé ọmọ náà sókè." "Mo gbọ́ pé o yí gíláàsì sókè." "Mo gbọ́ pé o kò wẹ̀yìn." Obìnrin ará Freetown wá kọ ọ́ pé, "Mo gbọ́. Èmi, wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀ wọn. Mo fi àbúrò mi sílẹ̀ lójú títì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wẹ̀yìn." Mo gbé orí lé sítíárìn, mo sunkún débi pé aṣọ́gbà wá kan gíláàsì: "Ol' man, how da body?" Mo ní ata ló kó sí mi lójú. Kò sí ata nínú ọgbà yẹn.

Ẹ má rò pé mo di ẹni tuntun. Ìró ṣì ń dé, ara ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹni tí màá fi àmì kan ránṣẹ́ sí, wọn kì í sì pẹ́ dáhùn. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹlòmíì lóhùn. Bí ènìyàn bá ń sunkún, á máa ríran.

Ní ọjọ́ kan lójú ọ̀nà Congo Town, ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ní wọ́n ti rí ohun tuntun kan, pé àwọn tí ìbànújẹ́ bá lè máa ran ara wọn lọ́wọ́ lórí fóònù, pé wọn yóò ṣe ìpàdé ọjọ́ méjì lé e lórí. Ó bi mí bóyá irú àwọn ènìyàn bíi tèmi á lè lò ó. Mo ní, "Madam, we na know o," bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni fóònù mi dún: àmì ìdánudúró láti Kakata. Mo ní ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná jù, mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo bi bàbá náà ohun tó rí níwájú rẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n ṣe sùúrù pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì.

Báyìí ni ọjọ́ tí ilé-ìwé parí dé bá mi. Ìyàwó mi ti kó aṣọ ọmọ sínú àpótí. Òjò bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, òjò Monrovia tí kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ìyàwó mi pè mí láti ṣọ́ọ̀bù pé kò sí kéhkéh kan tó fẹ́ rìn, kí n lọ wò ó bóyá ọmọ á gbà kí n gbé òun.

Ọmọ dúró lábẹ́ òrùlé géètì, ó gbé ìwé èsì rẹ̀ sábẹ́ aṣọ. Ó wo òjò, ó wo ọkọ̀, ó tún wo òjò. Nígbà tó yá, ó wọlé, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó di ìlẹ̀kùn mú. Mo wà á bí ẹni tó gbé ẹyin. A kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ̀fúùfù fi já páànù kan lulẹ̀ láti orí ilé alájà méjì. Gbàù!

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo di sítíárìn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ń sọ fún apá mi pé kó má lọ sẹ́yìn, kó má fọwọ́ kan ọmọ. N kò lè mú fóònù. N kò lè tẹ àmì kankan. Mo rò pé, ó parí nìyẹn, àpótí ti lọ.

"Bàbá mi," ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. "Kí lẹ rí níwájú yín?"

Mo tún di sítíárìn mú ṣinṣin sí i.

"Bàbá mi, kí lẹ rí? Ẹ kà á fún mi."

"Takisí," ni mo wí. "Takisí ofeefee."

"Kí ló tún kù?"

"Obìnrin kan tó gbé ike borí. Ajá. Bánà àwọn ọ̀gá mi, òjò ti fà á ya."

"Ó kù."

"Kò kù mọ́."

"Ó kù o. Ẹ ò tíì ka èmi mọ́ ọn." Ó ń gun àárín ìjókòó kọjá, bàtà ilé-ìwé rẹ̀ tó tutù gbá mi léjìká, ó sì bọ́ sórí ìjókòó iwájú. Ó rẹ́rìn-ín sí mi pẹ̀lú eyín tó kán yẹn. "Mo máa ń ka fóònù yín tí ẹ bá ti fi í sẹ́nu ṣájà. Ẹ má bínú." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì jẹ́ kí n sunkún mi tán kó tó ní ebi ń pa òun.

Nígbà tí a délé, ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ibi tí ọmọ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó wọlé. Mo gbọ́ tí ó ṣí àpótí, tí ó ń kó aṣọ padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo jókòó sínú ọkọ̀ níta, mo ṣí gúrúùpù, mo kọ gbólóhùn kan: "Ọmọ jókòó níwájú lónìí."

Màmá olódòdó ló kọ́kọ́ dáhùn. "Mo gbọ́ pé ọmọ jókòó níwájú. Òfin wa kò yí padà o, ti òní nìkan ni. Àmín."

"Mo gbọ́ pé ọmọ jókòó níwájú. Àmín." Freetown nìyẹn. Ìlọrin tẹ̀ lé e, Kàdúná, Buchanan, títí ó fi pé mẹ́wàá. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Mo ti fẹ́ pa fóònù nígbà tí Kakata wọlé. Mo rò pé àmì ìdánudúró ni.

"Níwájú," ni bàbá náà kọ. "Mo kà á. Àmín."